Ta Ni Ó Kọ Ọ́ Síbẹ̀? Ìtàn Sísẹ́ Àtẹ̀jíṣẹ́ Nípasẹ̀ Àkíyèsí Tí A So Mọ́ Ọn, àti Ipò Èdè Yorùbá Nínú Rẹ̀

Ìfáàrà

Bí ènìyàn bá kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àtẹ̀jíṣẹ́ sínú irinṣẹ́ ìtúpalẹ̀ dátà lónìí, ohun àkọ́kọ́ tí yóò kàn án lójú kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn kọ. Àwọn àyè ni yóò rí, bí ìgbà tí a bá na fọ́ọ̀mù síni: àyè ọjọ́, àyè orúkọ òǹkọ̀wé, àyè ìlú, àyè èdè, àyè irú èrò tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Yóò sọ fún ẹ̀rọ pé kìkì èyí tí a kọ "yo" sí àyè èdè rẹ̀ ni òun fẹ́, ẹ̀rọ yóò sì da ìyókù nù kí ó tó ṣẹ́jú. Bí ohun tí ó kù bá jẹ́ díẹ̀, tàbí tí ohunkóhun kò bá kù, yóò yá olùwádìí lára láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn Yorùbá kì í sábà fi èdè wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Irú ìdájọ́ yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí. Èrò wa ni pé kò sí asẹ́ kan nínú irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ó mọ ohun tí ó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́. Ohun tí ẹnìkan ti kọ sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ náà ni asẹ́ ń kà. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni pé ta ni ó kọ ọ́ síbẹ̀. Bí a bá tọpa ìdáhùn sí ìbéèrè yìí láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, a ó rí i pé kálámù náà kọ́kọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ àtẹ̀jíṣẹ́, ó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó kà á, ó sì wá bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ìgbà tí ó dé ọwọ́ ẹ̀rọ ni èdè Yorùbá di ohun tí asẹ́ kò rí.

Ó ṣeé ṣe kí òǹkàwé ìwé àtìgbàdégbà yìí retí pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àrokò. A kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni kan pàtó ni a ń fi àrokò ránṣẹ́ sí, ẹni tí ó bá sì gbà á kò ní ẹgbẹ̀rún àrokò mìíràn lẹ́nu ọ̀nà tí yóò máa sẹ́. Ọ̀pọ̀ yanturu ni ó bí ìṣòro tí a ń sọ yìí, Amẹ́ríkà sì ni a ti kọ́kọ́ rí i, láàárín àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà tí lẹ́tà ara wọn fẹ́ rì mọ́lẹ̀.

Orí lẹ́tà

Ní 1971, Ray Tomlinson, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ BBN ní Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts, fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn lórí ARPANET, tí í ṣe ìyá íntánẹ́ẹ̀tì òde òní. Òun ni ó mú àmì @ láti fi ya orúkọ ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ kọ̀ǹpútà. Ní 1972, Lawrence Roberts kọ ètò kan tí a ń pè ní RD, èyí tí ó lè to àtẹ̀jíṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ kí òǹkàwé sì mú èyí tí ó bá wù ú nínú wọn. A lè sọ pé bí àtẹ̀jíṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ṣíṣàyàn nínú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó lè yan nǹkan nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ, ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà gbọ́dọ̀ fi nǹkan hàn án. Ní oṣù Kẹsàn-án 1973, Abhay Bhushan, Ken Pogran, Ray Tomlinson àti Jim White gbé àbá kan jáde, tí a mọ̀ sí RFC 561, lórí bí orí lẹ́tà yóò ṣe rí. Àbá náà kò gùn. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí àtẹ̀jíṣẹ́ ní ìlà fún orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, ìlà fún ọjọ́ tí a kọ ọ́, àti ìlà fún ohun tí ó dá lé. Kí orúkọ ìlà kọ̀ọ̀kan sì ṣáájú ohun tí a kọ sí i, kí ẹ̀rọ lè dá a mọ̀. Láti inú àbá yìí ni RFC 733 ti jáde ní 1977, àti RFC 822, tí David Crocker ṣe àtúnṣe rẹ̀, ní oṣù Kẹjọ 1982.

Ẹni tí ó bá fi sùúrù ka RFC 822 yóò rí i pé àwọn tí ó kọ ọ́ ti ronú kan ohun tí a ń pè ní àkíyèsí àsomọ́ lónìí. Ìlà Keywords wà níbẹ̀ fún àwọn kókó ọ̀rọ̀. Ìlà Comments wà fún àlàyé tí òǹkọ̀wé kò fẹ́ kí ó bá ara lẹ́tà dàpọ̀. Ó tún fàyè gba ẹnikẹ́ni láti dá ìlà tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì ṣèlérí pé bí orúkọ ìlà náà bá fi X àti àmì ìsopọ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sí àtúnṣe ìlànà lọ́jọ́ iwájú tí yóò gba orúkọ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Èyí túmọ̀ sí pé láti 1982, kò sí òfin tí ó ní kí ọmọ Yorùbá má kọ ọ́ sórí lẹ́tà rẹ̀ pé Yorùbá ni òun fi kọ ọ́.

Ọwọ́ òǹkọ̀wé nìkan ni kálámù wà ní gbogbo àkókò yìí. Bí ó bá kọ ìlà kókó ọ̀rọ̀ dáadáa, asẹ́ yóò ṣiṣẹ́. Bí ó bá fi í sílẹ̀ lófìfo, asẹ́ kò ní nǹkan kan láti dì mú. Òǹkọ̀wé kò sì ní èrè púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí ẹni tí yóò gba lẹ́tà ni ó ń jàǹfààní àkọlé tí ó péye. Ní oṣù Kẹta 1982, Peter Denning, tí ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ ACM nígbà náà, kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nínú ìwé àtìgbàdégbà wọn nípa pàǹtírí orí ẹ̀rọ. Ohun tí ó ń sọ ni pé a ti dojú gbogbo agbára wa kọ bí a ó ṣe máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ó sì tó àkókò láti wo bí ẹni tí ó ń gbà á yóò ṣe rí èyí tí ó wúlò yọ nínú rẹ̀.

Malone àti àwọn fọ́ọ̀mù rẹ̀

Láàárín àwọn tí ó dáhùn ìpè yìí ni Thomas Malone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT, tí wọ́n ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní Information Lens. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní ìpàdé CHI ní 1986, wọ́n sì tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní kíkún ní 1987. Kí wọ́n tó kọ ètò, wọ́n kọ́kọ́ wo bí àwọn ènìyàn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣe ń sẹ́ ohun tí ó ń dé bá wọn. Wọ́n rí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀kan ni kí a wo ohun tí àtẹ̀jíṣẹ́ ń sọ. Òmíràn ni kí a wo ẹni tí ó sọ ọ́ àti àjọṣe tí ó wà láàárín wa. Ẹ̀kẹta ni kí a fi ohun tí kíkà rẹ̀ yóò ná wa wé èrè tí ó wà nínú rẹ̀. Òǹkàwé Yorùbá lè rẹ́rìn-ín músẹ́ níhìn-ín, nítorí èkejì ni àwọn àgbà wa kì í fi ṣeré: kí a tó jókòó gbọ́ iṣẹ́, a ó ti béèrè ẹni tí ó rán an.

Ohun tí Lens ṣe ni pé ó fún òǹkọ̀wé ní fọ́ọ̀mù. Ẹni tí ó bá fẹ́ kéde ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yóò mú fọ́ọ̀mù ìkéde ìdánilẹ́kọ̀ọ́, yóò rí àyè fún ọjọ́, fún wákàtí, fún ibi tí yóò ti wáyé, fún olùbánisọ̀rọ̀ àti fún àkòrí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni yóò ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ó ti wù ú. Ẹni tí ó ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ yóò ti kọ òfin tirẹ̀ sílẹ̀: bí irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí bá jẹ́ ìkéde ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tí orúkọ olùbánisọ̀rọ̀ sì jẹ́ báyìí, kó o sí àpò yìí, bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, pa á rẹ́. Wọ́n tún ṣe àpótí ìkówèésí gbogboogbò kan tí a ń pè ní LENS. Bí òǹkọ̀wé bá fi orúkọ àpótí yìí kún àwọn tí ó ń kọ̀wé sí, ẹnikẹ́ni tí òfin rẹ̀ bá bá àtẹ̀jíṣẹ́ náà mu yóò rí i gbà, bí òǹkọ̀wé kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n rí. Lójú tèmi, ibí yìí ni asẹ́ ti kọ́kọ́ di ohun tí ń fa nǹkan wọlé, tí kì í ṣe ohun tí ń lé nǹkan dànù nìkan.

Síbẹ̀ fọ́ọ̀mù jẹ́ fọ́ọ̀mù. Ẹni tí kò bá mú èyíkéyìí nínú wọn, tí ó kàn kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ gbọọrọ, ti bọ́ sẹ́yìn asẹ́. Àwọn tí ó ya fọ́ọ̀mù náà ni ó sì mọ irú ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè fẹ́ sọ.

Tapestry: òǹkàwé gba kálámù

Ní oṣù Kejìlá 1992, David Goldberg, David Nichols, Brian Oki àti Douglas Terry, tí gbogbo wọn wà ní ibùdó ìwádìí Xerox ní Palo Alto, ìpínlẹ̀ California, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nípa ètò tí wọ́n pè ní Tapestry. Inú àpilẹ̀kọ yìí ni a ti rí èdè-ìperí tí a lè pè ní "sísẹ́ àjọṣe". Àwọn ènìyàn tí ó ń lò ó lónìí sábà máa ń rò pé ọgbọ́n tí ẹ̀rọ fi ń sọ fún oníbàárà pé àwọn tí ó ra ìwé yìí tún ra ìwé yẹn ni ó túmọ̀ sí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó rí níbẹ̀rẹ̀.

Èrò àwọn Palo Alto ni pé ẹni tí ó ti ka àtẹ̀jíṣẹ́ tán mọ nǹkan nípa rẹ̀ tí ẹni tí ó kọ ọ́ kò lè kọ sí orí lẹ́tà. Ó mọ̀ bóyá ó wúlò, bóyá ó pani lẹ́rìn-ín, bóyá irọ́ ni. Nítorí náà wọ́n fún òǹkàwé ní àǹfààní láti so àkíyèsí mọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ ẹlòmíràn, kí àwọn mìíràn sì lè sẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ nípasẹ̀ àkíyèsí náà. Wọ́n ṣe èdè ìbéèrè kan fún un, tí wọ́n pè ní TQL. Ènìyàn lè fi í sọ pé: mú gbogbo ohun tí lágbájá fọwọ́ sí wá fún mi. Ó lè sọ pé: mú àtẹ̀jíṣẹ́ tí tàmẹ̀dù fèsì sí wá, nítorí èsì náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé ó rí nǹkan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú sí ohun kan: orúkọ ni ó wà nínú ìbéèrè wọ̀nyí. Ẹni tí ó ń sẹ́ mọ ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí a fi so àkíyèsí kan mọ́ àtẹ̀jíṣẹ́, ó lè lọ kan ilẹ̀kùn ẹni náà kí ó bi í.

Ohun méjì mìíràn nínú ètò yìí ni a óò nílò nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ Yorùbá. Àkọ́kọ́ ni pé Tapestry kò kọ àkíyèsí sínú àtẹ̀jíṣẹ́. Ibi ìpamọ́ tirẹ̀ ni ó kó o sí, pẹ̀lú atọ́ka tí ó ń tọ́ka sí àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó bá a tan. Ìdí rẹ̀ ni pé a kì í pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́, a kì í sì yí i padà lẹ́yìn tí ó bá ti wọlé, ṣùgbọ́n àkíyèsí lè dé nígbàkigbà, lónìí tàbí lóṣù tí ń bọ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àkókò. Bí ènìyàn bá béèrè àtẹ̀jíṣẹ́ tí a ti fèsì sí, kò sí ìyọnu. Ọjọ́ tí èsì bá dé ni ẹ̀rọ yóò mú un wá. Bí ó bá béèrè èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì fèsì sí ńkọ́? Ní ìṣẹ́jú tí àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá wọlé, kò sí ẹni tí ó tíì fèsì sí i. Ẹ̀rọ tí kò gbọ́n yóò kó gbogbo rẹ̀ bá a, tàbí kí ohun tí ó rí gbà máa yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí wákàtí tí ẹ̀rọ bá lọ wò ó. Terry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún kọ àpilẹ̀kọ mìíràn ní ọdún 1992 yẹn kan náà lórí ìbéèrè àìdáwọ́dúró, láti fi tú irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀kọ́ tí a rí mú níbẹ̀ ni pé àyè tí ó ṣófo kì í ṣe ìdáhùn. Ó lè jẹ́ pé ohun tí a ń wá kò sí. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tí yóò kọ ọ́ ni kò tíì dé.

GroupLens, tí àwọn onímọ̀ láti MIT àti Yunifásítì Minnesota gbé jáde ní 1994 fún ìròyìn Usenet, ni ó mú orúkọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Òǹkàwé yóò fún àtẹ̀jíṣẹ́ ní máàkì láti 1 dé 5, ẹ̀rọ yóò sì wá àwọn tí máàkì wọn jọ tirẹ̀, yálà ó mọ̀ wọ́n tàbí kò mọ̀ wọ́n. Láti ibẹ̀ lọ, a kò tún lè kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni mọ́.

"yo" àti "und"

Àkókò tó láti mú Yorùbá wọlé. Ní 1988 ni àjọ ISO tẹ àkójọ àmì èdè rẹ̀, ISO 639, jáde, níbi tí a ti fún èdè kọ̀ọ̀kan ní àmì lẹ́tà méjì. Yorùbá wà níbẹ̀: "yo". Ní oṣù Kẹta 1995, RFC 1766 gbé àwọn àmì wọ̀nyí wọ orí lẹ́tà, pẹ̀lú ìlà tí a ń pè ní Content-Language. Nítorí náà, kò tọ̀nà láti sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ nípa Yorùbá. Àyè wà, àmì tí a ó kọ sí i náà wà. Ẹni tí yóò kọ ọ́ ni kò sí, nítorí kò sí ẹni tí ó ń rán òǹkọ̀wé létí pé kí ó kọ ọ́.

Twitter bẹ̀rẹ̀ ní 2006. Ní oṣù Kẹjọ 2007, Chris Messina dá a lábàá pé kí àwọn ènìyàn máa fi àmì # ṣáájú ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ kó àtẹ̀jíṣẹ́ jọ lé lórí. Ẹ ò rí i pé ìlà Keywords ti 1982 ni ó padà wá, ṣùgbọ́n inú ara àtẹ̀jíṣẹ́ ni a wá ń kọ ọ́ sí báyìí, òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ni ó sì ń kọ ọ́. Ní oṣù Kẹrin 2010, ilé-iṣẹ́ náà kéde fún àwọn tí ó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà pé wọn yóò lè so àyè èyíkéyìí tí wọ́n bá fẹ́ mọ́ àtẹ̀jíṣẹ́. Ìkéde náà kò di ohun tí gbogbo ènìyàn ń lò. Ohun tí ó dé ní 2013 ni àyè kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ lang, ẹ̀rọ ni ó sì ń kọ ọ́. Ẹ̀rọ yóò wo ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kọ, yóò méfò èdè tí ó jẹ́, yóò sì kọ àmì rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá rí i méfò, yóò kọ "und", èyí tí ó túmọ̀ sí pé a kò mọ èdè yìí.

Yorùbá kò sí nínú àwọn èdè tí ẹ̀rọ náà ń méfò. Ẹni tí ó bá fi "yo" sẹ́ àyè yẹn kò ní rí Yorùbá kan, bí mílíọ̀nù ènìyàn tilẹ̀ ń fi Yorùbá kí ara wọn lójoojúmọ́ níbẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ó sì ṣí sílẹ̀ fún àtẹ̀jíṣẹ́ Yorùbá lábẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀: kí a kọ "und" sí i, tàbí kí a kọ orúkọ èdè mìíràn sí i. Èkejì ni ó burú jù. Ẹni tí a kọ "und" sí lára dà bí àlejò tí a kò tíì mọ ilé rẹ̀. Olùwádìí tí ó bá ní sùúrù lè lọ bá gbogbo irú wọn kí ó máa béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí a ti fún ní ilé onílé ti di ara ìṣirò ibẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tún béèrè rẹ̀.

Ohun tí a ń sọ kì í ṣe ẹ̀sùn ìkà. Ẹ̀rọ mọ èdè tí a fi kọ́ ọ, a sì fi èdè tí àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo yípo tí ó wà níbẹ̀: ẹ̀rọ kò mọ Yorùbá nítorí àkójọ Yorùbá kéré; àkójọ Yorùbá kéré nítorí asẹ́ tí a fi ń ṣe àkójọ kò rí Yorùbá; asẹ́ kò rí i nítorí ẹ̀rọ tí ó ń kọ àyè èdè kò mọ̀ ọ́n.

"fun" tí kì í ṣe fún

Àwọn tí ó jáde kúrò nínú yípo yìí pa àyè èdè tì, wọ́n sì padà sí inú ọ̀rọ̀. Ní 2022, Shamsuddeen Hassan Muhammad àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí David Ifeoluwa Adelani wà lára wọn, gbé àkójọ NaijaSenti jáde. Níwọ̀n bí ẹ̀rọ Twitter kò ti lè bá wọn yan èdè wọ̀nyí jáde, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí a máa ń lò nígbà gbogbo nínú èdè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi wá àtẹ̀jíṣẹ́, kí àwọn elédè tó wá yẹ̀ wọ́n wò. Nǹkan bí 30,000 àtẹ̀jíṣẹ́ ni wọ́n so àkíyèsí mọ́ nínú Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá lọ́kọ̀ọ̀kan, àti 14,000 nínú Píjìn Nàìjíríà. Láti ara iṣẹ́ yìí ni AfriSenti ti jáde ní 2023, tí ó lé ní 110,000 àtẹ̀jíṣẹ́ nínú èdè Áfíríkà 14.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kéékèèké yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni onímọ̀ èdè Yorùbá ti wúlò ju onímọ̀ kọ̀ǹpútà lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ń tẹ Yorùbá lórí fóònù kì í fi àmì ohùn sí i. "Fún" di "fun", ẹni tí ó bá sì fi "fun" wá Yorùbá yóò kó gbogbo àwọn tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ròyìn bí wọ́n ṣe gbádùn ara wọn ní ìparí ọ̀sẹ̀ wá sílé. "Ni" wà nínú Haúsá. "Ti" wà nínú èdè Ítálì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò tó. Àfi kí a wá méjì tàbí mẹ́ta tí ó tẹ̀lé ara wọn.

Ẹni tí ó fi àmì sí i pàápàá kò bọ́. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà "ọ̀rọ̀". Nínú ìlànà Unicode, kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tí ó jẹ́ ọ pẹ̀lú àmì ohùn ìsàlẹ̀. Ènìyàn lè mú ọ tí a ti fi ìsàmì sí lábẹ́, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ U+1ECD, kí ó wá fi àmì ohùn U+0300 lé e. Ó lè mú o lásán, kí ó fi U+0323 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti U+0300 sí orí rẹ̀. Ó lè mú ò tí ó ti ní àmì ohùn tẹ́lẹ̀, U+00F2, kí ó wá fi ìsàmì sí ìsàlẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú asẹ́ tí a kò kìlọ̀ fún, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Unicode ní ìlànà tí ó ń sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan, tí a ń pè ní NFC, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lò ó kí ó tó sẹ́ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n àwọn kan tún wà tí ìlà kékeré tí ó dúró ṣánṣán, U+0329, ni wọ́n ń fi sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà dípò ìsàmì olóbìrípo, NFC kò sì ka ìyẹn mọ́ wọn. Ọwọ́ ni a ó fi tún un ṣe.

Lẹ́yìn tí a bá ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ náà ni iṣẹ́ tòótọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn elédè ni NaijaSenti gbé àtẹ̀jíṣẹ́ fún, kí wọ́n sọ bóyá èrò inú rẹ̀ dára, bóyá kò dára, tàbí bóyá kò sí níhìn-ín kò sí lọ́hùn-ún. Kálámù padà sọ́wọ́ òǹkàwé, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Palo Alto ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú. Iṣẹ́ náà kò sì rọrùn. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ tí a ṣe fúnra wa gbé e yẹ̀ wò: ẹnìkan kọ "E ku ise o, eyin ijoba wa" ní ọjọ́ tí iná lọ. Ẹ̀rọ tí ó mọ̀ pé "ẹ kú iṣẹ́" jẹ́ ìkíni yóò kọ "dára" sí i. Ọmọ Yorùbá tí ó gbọ́ ohùn tí a fi sọ ọ́ mọ̀ pé èébú ni. Ọmọ Yorùbá kẹta lè sọ pé òun kò mọ ìgbà tí a kọ ọ́, pé ó lè jẹ́ pé ọ̀nà ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ládùúgbò ẹni náà. Nítorí irú èyí ni a fi ń gbé àtẹ̀jíṣẹ́ kan fún ju ẹnìkan lọ. Bí ohùn wọn bá ṣọ̀kan, a ó kọ ọ́. Bí méjì bá lòdì sí ẹ̀kẹta, ti méjì ni a sábà máa ń kọ, àyè náà kò sì ní fi hàn pé ẹnìkan jiyàn.

Ó dùn mí pé ohùn ẹni kẹta yẹn sọnù. Bí ìwádìí bá dá lórí ẹ̀fẹ̀, àpárá tàbí ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ tí àwọn elédè kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí gan-an ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fà yọ. Tapestry ìbá ti gbà wá láàyè, nítorí pé orúkọ oníkálukú ni ó wà lára àkíyèsí rẹ̀: a lè sọ pé, mú èyí tí lágbájá pè ní dídára tí tàmẹ̀dù pè ní búburú wá. Àkójọ tí ó bá pa ìpinnu olúkúlùkù àwọn tí ó so àkíyèsí mọ́, tí kò sì dá wọn pọ̀ di ẹyọ kan, ni yóò ṣe irú èyí fún wa.

Ohun kan kù. Gẹ́gẹ́ bí Tapestry ti pa àkíyèsí mọ́ sí ibi ọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àkójọ tí a ṣe láti orí Twitter ti rí: òfin ilé-iṣẹ́ náà mú kí àwọn olùwádìí máa pín nọ́ńbà àtẹ̀jíṣẹ́ àti àkíyèsí tí wọ́n so mọ́ ọn fún ara wọn, láìpín ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ẹni tí ó bá gbà á ni yóò padà lọ bá ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú nọ́ńbà láti gba ọ̀rọ̀. Ní Palo Alto, a kì í pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́, nítorí náà atọ́ka kì í tọ́ka sí òfìfo. Lórí Twitter, òǹkọ̀wé lè pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́ nígbà tí ó bá wù ú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ní 2023, ilé-iṣẹ́ náà, tí ó ń jẹ́ X báyìí, ti ilẹ̀kùn ọ̀fẹ́ tí àwọn olùwádìí ń gbà wọlé, ó sì sọ ọ́ di ohun tí a ń fi owó rà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní owó náà, tí ó ṣí irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lónìí, yóò rí nọ́ńbà gígùn kan, yóò rí àmì èdè tí ọmọ Yorùbá kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́yìn tí ó ti kà á, yóò rí i pé ẹni náà sọ pé èrò inú rẹ̀ kò dára. Kò ní rí ọ̀rọ̀ tí a sọ.